Bọ́ọ̀dù Mẹ́ta àti Ọwọ́ Ọlọ́jà

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn tí kò dìde mọ́: ọjọ́ tí mo fi apá ara mi wọn yàrá wa l'Ájégúnlẹ̀. Ọkọ mi ń rẹrù ní wáàfù Àpápá, èmi ń ta aṣọ. Yàrá kan ṣoṣo la ní, ìyá ọkọ mi sì ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta pé àwọn ń bọ̀ wá bá wa gbé.

Màámi yìí ló kọ́ mi lọ́jà aṣọ kí n tó fẹ́ ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ kó yìn mí tó wọn láyé. Mo ní n kò ní jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ níwájú ọmọ tí wọ́n bí. A ó pín yàrá náà sí méjì kí wọ́n tó dé.

Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé la fẹ́ fi pín in. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kí Bàbá Rísí, káfíńtà tó wà l'Ámùkókò, wá wọ̀n ọ́n. Mo ní káfíńtà wo? Ṣé èmi tí mò ń wọn aṣọ látàárọ̀ dalẹ́ ni n kò ní lè wọn yàrá? N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n apá mi mọ ọ̀pá kan: láti imú dé orí ìka ni. Mo ta okùn láti ògiri kan dé èkejì, mo sì wọn okùn náà bí ẹni ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Ọ̀pá mẹ́rin géérégé.

Bàbá Rísí ní òun á mú ìwọ̀n irin tòun wá. Mo ní kó fi sílé.

"Ìyàwó, bọ́ọ̀dù kì í ṣe aṣọ o," ó ní. "Tó bá kúrú, kì í nà."

Ó ṣírò pé tó bá jẹ́ ọ̀pá mẹ́rin lóòótọ́, bọ́ọ̀dù mẹ́ta á ṣe é, kò ní kù, kò ní dín. Mo wú bíi búrẹ́dì inú omi.

Ìsọ̀ kan lẹ́yìn Warehouse Road la ti rà á. Mẹ́ta yẹn ló kù lọ́wọ́ wọn, ó dìgbà tí ọkọ̀ ojú omi mìíràn bá dé. Bí a ṣe ń rù ú bọ̀, atẹ́gùn etí ọ̀sà kó sábẹ́ èyí tó wà lórí mi, ó yí mi po lẹ́ẹ̀mejì, ó dà mí sí kòtò. Bọ́ọ̀dù kò fọ́. Ìró mi ló ya.

Bàbá Rísí kan àkọ́kọ́, ó kan èkejì, ó kan ẹ̀kẹta. Àlàfo ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fẹ̀ tó kí ènìyàn fẹ̀gbẹ́ gbà á kọjá. Ó yọ irin tí mo ní kó fi sílé jáde lápò, ó nà án: bọ́ọ̀dù pé, yàrá ló gùn ju ohun tí mo sọ lọ. Ọmọ Ùròbò kan tó ń wa tírélà, tí a jọ ń gbélé, yọjú wò ó.

"Madam, na door be dis abi na window?"

Gbogbo ilé fi mí rẹ́rìn-ín. Mo to àwọn àpótí aṣọ mi lérí ara wọn kí n fi dí i. Wọ́n wó lu ìkòkò ọbẹ̀ tí mo sè de Màámi. Ibi tí mo ti ń ṣa ẹran nílẹ̀ ni Màámi wọlé bá mi.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wo àlàfo náà títí, wọ́n béèrè ẹni tó wọn yàrá. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí n wọ̀n ọ́n lójú àwọn. Mo mú okùn, mo na apá, ọwọ́ mi sì sún síwájú díẹ̀ kí n tó ka ení. Wọ́n gbá a mú.

"Kí ni díẹ̀ tó o fi kún un yẹn?"

"Èènì ni, Màámi."

Kó tó bọ́ lẹ́nu mi tán ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi pé kí n máa fi díẹ̀ lé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà, kó lè padà wá. Ọ̀pá tèmi gùn ju ọ̀pá lọ. Èènì mẹ́rin ni mo ti fi ta ògiri lọ́rẹ.

"Ọwọ́ mi lo fi wọ̀n ọ́n," Màámi ní. "Àwa méjèèjì la jọ ṣì í wọ̀n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí ẹrù wọn. Wọ́n wá fa aṣọ kan yọ níbẹ̀, wọ́n ní kí n ta á bo àlàfo náà.

Nígbà tí bọ́ọ̀dù mìíràn dé, Màámi ní ká má wulẹ̀ kàn án mọ́. Ibi àlàfo náà ni mo ti ń na ẹ̀kọ gbígbóná sí wọn láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi mí bí ọjà ṣe rí lánàá. Mo ti kọ́gbọ́n: ọwọ́ tó dára fún oníbàárà kò dára fún ògiri, ká jẹ́ kí káfíńtà wọn ilé. Màámi ti lọ, ilé náà ti wó. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá na apá, ọwọ́ mi ṣì ń sún síwájú díẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni, n kì í fà á padà.