Iṣu Tí Kò Tíì Lè Gbé Orí Ró

Àtàǹpàkò ọ̀tún. Oyèwálé fi tẹ táyà iwájú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá píà ti dẹ̀. Táyà náà kò jìn. Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ó wò ó, ó tún fi tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì. Kẹ̀kẹ́ náà yí síwájú. Ìbú ìka kan péré, láìdún. Oyèwálé fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Garage ilé kan ní Taradale, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, nìyí, ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù October. Snow àkọ́kọ́ ọdún ń bọ́ níta. Suliat, tó ni kẹ̀kẹ́ náà, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá ní Calgary, kò sì tíì sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bi í tí kò ní ìdáhùn sí.

Ó ti ṣàlàyé táyà tán. Ó ní afẹ́fẹ́ gidi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe rọ́bà líle. Ó ní stroller ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin a máa rì sínú snow bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí, ńṣe ló máa ń la snow kọjá. Ó wá ku ìbéèrè kan péré.

"Ọmọ rẹ ti tó oṣù mélòó, àbúrò?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí.

Adédàmọ́lá, ìyàwó Oyèwálé, wà nínú oyún oṣù keje. Ọjọ́ tí àyẹ̀wò ti fi hàn ni ó ti mú ọkọ rẹ̀ búra. A ò ní ra ẹrù dè é. A ò ní pe orúkọ rẹ̀. Ẹnu ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún àlejò títí yóò fi dé. Oyèwálé sì búra, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n January ni yóò dé, àárín gbùngbùn òtútù. Mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Oyèwálé ló sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Foothills Industrial láago márùn-ún ìdájí. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀, lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í kó snow kúrò. Láti oṣù August ni Oyèwálé ti ń wá kẹ̀kẹ́ tó lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, èyí sì ni àkọ́kọ́ tí agbára rẹ̀ ká. Obìnrin kan ń bọ̀ láti Cochrane láago mẹ́ta wá wò ó. Aago méjì àbọ̀ ti kọjá.

"Ẹ jẹ́ ká fi ti ọmọ sílẹ̀ ná, àǹtí," ni Oyèwálé wí. "Ẹrù ni mo fẹ́ fi gbé."

"Ẹrù wo?"

Oyèwálé wo òrùlé. Kò sí ìrànlọ́wọ́ lókè. "Ká ṣáà sọ pé iṣu."

Suliat tú apá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì ní ìdí. Lọ́dún tó kọjá ó ta ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ rẹ̀, Mardiyah, fún ọkùnrin kan tó fi Ọlọ́run búra pé òun ní ọmọ nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun àti Mardiyah ń kọjá níwájú ilé ọkùnrin yìí. Ajá ló wà nínú ọpọ́n. Ọṣẹ bò ó dé ọrùn, ó ń wò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Suliat búra lọ́jọ́ náà pé ohun tí ọmọ òun bá ti lò, ọmọ ni yóò tún lò ó, àti pé òun gbọ́dọ̀ fi etí ara òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìbúra méjì. Garage kan.

"Mi ò ta stroller fún iṣu," ó ní. "Mo ti búra pé ọmọ ló máa lò ó, mo sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ rà á."

"Kì í ṣe iṣu gan-an gan-an, mà."

"Kí ló wá jẹ́?"

"Bí iṣu ni." Oyèwálé lóṣòó síwájú kẹ̀kẹ́ náà, ó sì béèrè bóyá ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

"Kí ni iṣu fẹ́ fi ìdùbúlẹ̀ ṣe?"

"Kò tíì lè gbé orí ró, mà."

"Ìgbà wo ló máa lè gbé e ró?"

"Wọ́n ní bíi April. May, bó bá pẹ́."

Iṣẹ́ ti wọ Suliat lára jù. Kó tó mọ̀, ó ti ń ṣàlàyé pé ohunkóhun tí kò bá lè gbé orí ró, kí wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja, kí wọ́n má fi ìrọ̀rí sí i, kí wọ́n má sì bá a sáré kó tó pé oṣù mẹ́jọ. Ó fa okùn ẹ̀yìn, ìjókòó náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Oyèwálé ń mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó béèrè bóyá ìbòrí rẹ̀ lè dá atẹ́gùn dúró. Suliat ní ó lè ṣe é. Ó béèrè bóyá aṣọ ìjókòó náà ṣeé yọ fọ̀, torí wọ́n ní iṣu náà á máa bi wàrà sára fún oṣù díẹ̀.

Suliat jáwọ́ nínú okùn. "Iṣu tó ń mu wàrà."

"Fún ọdún kan, mà. Ó kéré tán."

"Ta ló máa máa tì í kiri?"

"Ìyá rẹ̀."

"Ìyá iṣu."

"Ẹni tó ni ín, ni mo fẹ́ sọ."

Suliat sún mọ́ ọn. Ó fún ojú pọ̀. "Ajá ni, àbí? Sọ òtítọ́ fún mi. Ajá ni."

"Kì í ṣe ajá, mà."

"Ṣé ó máa ń sunkún?"

"Kò tíì sunkún." Oyèwálé tún fi àtàǹpàkò tẹ táyà. "À ń retí kó sunkún. Ọjọ́ tó bá sunkún, èmi náà á sunkún."

Suliat kò gba àṣẹ. Ó di ọrùn ọwọ́ Oyèwálé mú, ó wo aago, ó ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ó béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Ó béèrè bóyá iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ó ní kó má tijú, ní wọ́ọ̀dù àwọn, bàbá kan wà tó ń pe ìrọ̀rí rẹ̀ ní Engineer, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Oyèwálé ní ara òun le. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà garage lemọ́lemọ́, bí ẹni ń retí mọ́tò láti Cochrane.

Àánú ṣe Suliat díẹ̀. Ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

"Ṣé o ní ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní, mà."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ bímọ?"

"Ó bí ọ̀kan."

"Ó tán nìyẹn. Sọ pé ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ, kí o máa gbé e lọ."

Oyèwálé rò ó. Ó rò ó dáadáa. "Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, àǹtí. Tírélà ló ń wà ní Ògèrè."

Suliat pa ojú dé. Nígbà tó la ojú, ó ní kó kúkú tì í wò ná, nítorí a kì í ra bàtà láìti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Oyèwálé kọ̀ láti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ó ti rí àwọn bàbá ní park, ọwọ́ méjèèjì lórí stroller, tí wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bí bàbá ṣe ń dúró nìyẹn. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Nítorí náà, ìgbọ̀nwọ́ ló fi tì í. Lẹ́yìn náà, ìbàdí. Níkẹyìn, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fi ikùn ti kẹ̀kẹ́ yípo garage, Suliat ń tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé bíréèkì, ó ń ṣàlàyé okùn kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ kí kẹ̀kẹ́ má baà sá lọ.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí títì.

Kẹ̀kẹ́ náà kúrò níwájú ikùn Oyèwálé. Kò kánjú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, tààrà. Ó sì ń la snow kọjá, gẹ́gẹ́ bí Suliat ṣe wí.

Suliat pariwo bíréèkì. Oyèwálé kò gbọ́ mọ́. Ó ti sáré. Ó yọ̀, ó dìde, bàtà ẹsẹ̀ kan kù sẹ́yìn. Ó fò. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní bèbè títì, kẹ̀kẹ́ náà sì wà ní àyà rẹ̀.

Suliat sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, èébú ti pé lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ìran ọkùnrin yìí. Àfi bó ṣe rí ọwọ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún ló fi gbá ìjókòó náà mọ́ra. Ọwọ́ òsì wà nínú ìjókòó tó ṣófo, àtẹ́lẹwọ́ là sókè, lábẹ́ ibi tí orí yóò wà.

Ọdún méjìdínlógún ni Suliat ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Márùn-ún nínú rẹ̀, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣu bẹ́ẹ̀.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Ara rẹ̀ le."

"Oṣù mélòó?"

Oyèwálé ṣì wà nílẹ̀. Kò sì yọ ọwọ́.

"Lọ́dún tó kọjá, a ra bẹ́ẹ̀dì. A kun yàrá. A ti ń pe orúkọ." Ó ń wo táyà. "Bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà nínú páálí ní basement, nísàlẹ̀ ilé. A ò tíì lè gbé e jáde."

Snow ń bọ́ lé àwọn méjèèjì lórí. Ó ń bọ́ sínú ìjókòó pẹ̀lú. Suliat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a kúrò.

"Dìde," ó ní. "Òtútù á mú iṣu rẹ."

Ó wọlé, ó kọjá sí kíṣìnnì. Ó gbé iṣu mẹ́ta jáde, iṣu Ghana, èyí tó fẹ́ gún lọ́jọ́ Sunday. Ó tẹ́ wọn gbalaja sínú kẹ̀kẹ́, ó de bẹ́líìtì mọ́ wọn níbi márùn-ún, ó fi ìka méjì wò ó bóyá ó le jù. Ó fi aṣọ bò wọ́n. Ó ní kí Oyèwálé gbé gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn basement. Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè, iṣu ló gbé wá, ohun tí wọ́n fi gbé e ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò parọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá wù ú, obìnrin náà á kó iṣu jáde fúnra rẹ̀.

"Ìbúra tiyín wá ńkọ́, mà?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ," ni Suliat wí. "Ojú ni mo fi rí i. Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, iṣu ló wà níbẹ̀."

Oyèwálé dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì.

Fóònù Suliat dún. Fúnmiláyọ̀ ni, obìnrin Cochrane. Ó ní òun ti wà ní ibi iná tó ń darí ọkọ̀ tó kẹ́yìn, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Suliat bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ẹnì kan ti gbé kẹ̀kẹ́ náà. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, kí Ọlọ́run dá ọmọ ọlọ́mọ sí, ó sì béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Suliat wo ìsàlẹ̀ títì, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ti ń fa aṣọ bo iṣu lára nínú snow.

"Iṣu ni," ó ní.

Lẹ́yìn náà ni Fúnmiláyọ̀ rọra béèrè bóyá ara Suliat le.

"Ara mi le," ni Suliat wí. "Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ iṣu bí mo bá rí i."

Adédàmọ́lá bí ọmọbìnrin kan ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù January. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ni wọ́n ń pe ọmọ nínú ilé wọn, kò sì jẹ́ iṣu mọ́.