Ẹjọ́ Mọ́ínmọ́ín ní Bódìjà

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ló dá mi lẹ́bi lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó kọjá, ó sì kúnlẹ̀ kó tó dá mi lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Tẹjúmọ́lá, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìjọba, ní ilé-ìwé kan ní Bódìjà. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa sùn. Wọ́n á dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, wọ́n á ní ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá tiwọn, tó bá wá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á dìbò yan gómìnà. Yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n yàn ṣe adájọ́ àti ọlọ́pàá, àwọn mọ́kàndínlógójì ló máa dìbò.

Gómìnà yìí ni Tẹ́jú fẹ́ ṣe. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìpolongo rẹ̀ sínú ìwé, ó kà á fún dígí, ó kà á fún bàbá rẹ̀, ó kà á fún adìyẹ tí a rà sílẹ̀ de ọjọ́ Àìkú. Adìyẹ nìkan ló gbọ́ ọ dé òpin.

Láti ilé wa ní Agbowó dé Bódìjà, èèyàn lè sín níbí kí wọ́n kí i pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, bí mo ṣe sunkún lẹ́nu géètì lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó rò pé òkun lọmọ náà fẹ́ rékọjá.

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ni mo bá sọ fóònù Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí, olùdarí ètò náà, di ti Tẹ́jú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, mà."

"Kí ló jẹ?"

"Ìrẹsì, mà."

"Ẹran ńkọ́?"

"Mà, ìgbà kẹsàn-án tí ẹ máa pè lónìí rèé."

Ẹ ò rí i pé wọn ò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹran.

Bí ilẹ̀ Ọjọ́rú ṣe mọ́, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ mi ní Dùgbẹ̀, mo ti lọ ẹ̀wà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í di mọ́ínmọ́ín sínú ewé. Ogún ni mo dì. Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ tirẹ̀ nìkan láàárín ọmọ ọlọ́mọ? Mo ti bi Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí pé àwọn mélòó ló wà lọ́dọ̀ Tẹ́jú. Wọ́n ní ogún ni wọ́n, pé wọ́n ń dé fìlà aláwọ̀ ewé. Èmi rò pé yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Luke ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò mí.

"Ìyá Tẹ́jú, ṣé wọ́n ní kí òbí máa gbé oúnjẹ wá?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má gbé e wá."

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé ká má fa màlúù wá."

Mo fi okùn so ewé tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo dé Bódìjà, mo sọ kúlà kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. "Ẹ̀yin onífìlà ewé, ẹ máa bọ̀ o."

Gbì, gbì, gbì, gbì. Ilẹ̀ mì tìtì. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ewé nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan tó dé fìlà pupa dúró lókèèrè, wọ́n ń gbé itọ́ mì, gbìn. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n mélòó ni mo dì?

Orí ìpolongo ni Tẹ́jú wà ní tirẹ̀. Ó sáré dé, ó dì mọ́ mi, ó gba mọ́ínmọ́ín tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú okùn rẹ̀ ni.

Féééééé.

Fèrè ni. Ọmọkùnrin tínínrín kan tó ń jẹ́ Suhail, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá wọn, sáré dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò.

"Ẹ káàárọ̀, mà. A ti mú yín, mà."

"Ẹ mú ta ni? Kí ni mo ṣe, ọkọ mi?"

"Ẹ fi oúnjẹ ra ìbò, mà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo lẹ fún." Ó na ọwọ́, ó gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ Tẹ́jú. "Ẹ̀rí rèé."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo fìlà wọn dáadáa. Fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Kò sí ọ̀rọ̀ yàrá níbẹ̀ rárá.

Omi lé sí Tẹ́jú lójú. "Màámi, wọ́n á yọ mí kúrò nínú ìdíje."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀rín ń pa mí nísinsìnyí o, ṣùgbọ́n kò pa mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó wa lọ sí kíláàsì kan. Fúnlọ́lá ni adájọ́ ń jẹ́, ọmọbìnrin kékeré tó wọ aṣọ dúdú tí bàbá rẹ̀ fi gboyè ní yunifásítì. Ibi tó bá gbà, aṣọ náà á ti bá wọn gbálẹ̀ ibẹ̀.

Akọ̀wé ilé ẹjọ́ kígbe pé, "Kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn dìde."

Mo dìde.

Adájọ́ wò mí lórí ìdúró. Ó wo ara rẹ̀ lórí ìjókòó. Ó dìde.

Ni gbogbo ilé ẹjọ́ bá dìde, gìrọ̀. Ọmọ wo ló fẹ́ jókòó kí ìyá ọlọ́mọ wà lórí ìdúró? A ń wo ara wa. Ẹjọ́ ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fi ìwé bojú, èjìká wọn ń mì.

Níkẹyìn, Fúnlọ́lá fa àga tirẹ̀ fún mi. "Ẹ wá jókòó síbí, mà."

Bí mo ṣe bá ara mi lórí àga adájọ́ nìyẹn, tí adájọ́ kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

"Àwọn wo ni ò rí jẹ níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Àwọn onífìlà pupa, mà."

"Ó dùn mí gan-an."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti jẹ́wọ́." Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Babájídé, olùdíje àwọn onífìlà pupa, ọmọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. "Olúwa mi, ẹ yọ Tẹjúmọ́lá kúrò. Ẹ wo ẹ̀rí."

Ẹ̀rí wà nínú àwo lórí tábìlì, ó ń yọ èéfín, òórùn edé ti gba gbogbo ilé ẹjọ́ kan. Tẹ́jú jókòó kọjú sí i. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ní kùrùùrùùù.

"Olúwa mi," ni Babájídé wí, "ikùn olùdíje kejì ń dá sí ọ̀rọ̀ mi."

"Jídé, ọkọ mi," mo bi í, "ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Ohùn ìròyìn rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Mi ò tíì jẹun, mà."

Adájọ́ ronú títí. Ó tún kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ má bínú, mà. Ilé ẹjọ́ yìí dá yín lẹ́bi. A ò ní yọ Tẹjúmọ́lá, torí kò sí ìyá tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ kó tó gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n kó lè dọ́gba, lọ́la ẹ ó gbé ogún mọ́ínmọ́ín wá fún àwọn onífìlà pupa. Ẹ ṣeun, mà."

Wọ́n ní ẹ̀rí máa wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kí n tó jáde ní géètì, ewé rẹ̀ nìkan ló kù ní ìpamọ́. Suhail ń nu ẹnu.

Mọ́kàndínlógún ni àwọn onífìlà pupa, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní ogún, ogún náà ni mo dì. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí ìyá ọmọ kankan má gbọ́ pé mo fi ìkùnsínú se ti ọmọ òun. Mo fi ẹja sí i. Mo fi ẹran inú agolo sí i. Mo fi odindi ẹyin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́mìí méje gidi. Kúlà náà wúwo débi pé takisí tó gbé wa ń rìn bí arọ.

"Ìyá Tẹ́jú," ni Luke wí, "ṣé ìjìyà lò ń sè yìí àbí ìgbéyàwó?"

Ọjọ́ Ẹtì pé. Wọ́n pe gbogbo òbí wá wo ìdìbò. Wọ́n ka ìbò sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń ka tèmi mọ́ ọn lábẹ́ ètè.

Babájídé, ogún. Tẹjúmọ́lá, mọ́kàndínlógún.

Àwọn onífìlà pupa fò sókè.

"Ogún ni wá," ni onífìlà ewé kan wí. "Ta ló dà wá?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Eléyìí ń búra, tọ̀hún ń fọwọ́ kan àyà. Tẹ́jú ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ jẹ́ kó lọ. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹ má wá ẹnikẹ́ni." Ó bọ Babájídé lọ́wọ́.

Orí mi wú. Mo ní ọmọ mi ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ takisí tí à ń padà sí Agbowó, inú tún bí mi. "Ọ̀dàlẹ̀ tó ṣe èyí, gbogbo ọbẹ̀ tó bá bù ni yóò máa dà sí i láṣọ."

"Màámi, ẹ má ṣépè."

"Èé ṣe?"

Tẹ́jú wo ojú fèrèsé. "Mọ́ínmọ́ín tí ẹ gbé wá lánàá ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Jídé ní kí n wá mú un, torí pé wọ́n gba tèmi."

"Ọmọ dáadáa ni Jídé."

"Ó ní gbogbo ẹni tó bá jẹ níbẹ̀ ló máa búra láti dìbò fún òun."

Mo yíjú sí i. "Tẹjúmọ́lá. O ò búra."

"Ẹyin wà nínú rẹ̀, Màámi. Odindi."

"Kí ló dé tó ò kàn jẹ ẹ́, kó o lọ dìbò fún ara rẹ?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. "Mo ti búra, Màámi."

Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, kíín. Láti Bódìjà ló ti ń tẹ́tí sí wa. Ó yíjú padà, ó wo Tẹ́jú láti òkè dé ilẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ dákun, Màámi, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún ọmọ yìí. Kò lè ṣe gómìnà láéláé."