Katakata Wá San Àáró Ọlọ́runyọmí

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ní abà Ògúnfẹ́yìmí, nílẹ̀ Lágelú níbí. Oríṣiríṣi ẹjọ́ la ti gbọ́ níbẹ̀ rí: ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́, ọkọ na aya, aya na ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn nítorí pé iṣẹ́ tètè parí, a ò rí irú rẹ̀ rí.

Ògúnsanwó ni olùpẹjọ́. Òun ló pe ẹjọ́, òun náà lẹ̀rù ń bà. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, kò dúró níwájú ìjòyè rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni di adìẹ tó fẹ́ sá lọ mú.

"Ògúnsanwó, sọ̀rọ̀," Baálẹ̀ wí.

"Kí ẹ pẹ́ o, Baálẹ̀. Ọlọ́runyọmí ni... ó... àáró ni."

"Àáró ṣe kí ni?"

"Kò san án."

"Irọ́ ló ń pa!" Ọlọ́runyọmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pè lẹ́jọ́, fò dìde. "Mo san án, kò tó wákàtí kan tí mo fi san án tán!"

"Ẹ gbọ́ o, Baálẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe àáró: ọjọ́ mẹ́ta lóko ẹnì kìíní, ọjọ́ mẹ́ta lóko ẹnì kejì, ẹni tó ni oko ni yóò sì bọ́ ẹnì kejì. Lọ́dún yìí, Ògúnsanwó ti kọ ebè ọjọ́ mẹ́ta fún Ọlọ́runyọmí. Nígbà tó kan Ọlọ́runyọmí, kò wá. Katakata ló rán.

"Ọlọ́runyọmí, kí ló dé tí o kò lọ?"

"Mo lọ, Baálẹ̀! Katakata yẹn, èmi gan-an ni. Èmi ni mo lọ pè é wá láti Adégbayì. Mo fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, 'Bá mi kí Ògúnsanwó o.' Ó dún hùn-ún, ó sì gbọ̀nà oko lọ."

"Ṣé ó kí i?"

"Fèrè tó fun ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni!"

Ọ̀tún Baálẹ̀ yíjú sí Ògúnsanwó. "Ṣé ó fun fèrè?"

"Ó fun ún, Bàbá. Ewúrẹ́ mi tó sá kò tíì padà wálé dòní."

"Kí ni ìwọ wí?"

"Mo ní, 'Ẹ kú àbọ̀.'"

"O fi 'ẹ' kí katakata?"

"Ó tóbi jù mí lọ, Bàbá."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ nu ẹnu. "Iṣẹ́ tó ṣe, ó dára àbí kò dára?"

Ògúnsanwó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ohun tó gbé e wá sí ààfin gan-an wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó sáré wá ẹ̀sùn mìíràn.

"Ebè rẹ̀... ó wọ́."

Wọ́n pe Hezekiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí oko rẹ̀ bá ti Ògúnsanwó pààlà.

"Baálẹ̀, ebè náà tọ́ bí ìlà inú ìwé."

"Ìgbà wo lo débẹ̀?"

"Nígbà tí oúnjẹ jinná... nígbà tí iṣẹ́ parí ni mo fẹ́ wí."

"Irọ́ ni, Tíṣà!" Zubaidah, tó ń ti odò bọ̀ lọ́jọ́ náà, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ebè yẹn wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ẹ̀yin kò tiẹ̀ wo ebè. Itan àparò lẹ tẹjú mọ́."

"Dúró ná," Baálẹ̀ wí. "Àparò wo?"

"Méjì ni mo sun, pẹ̀lú iṣu," Ògúnsanwó dáhùn. "Àáró ni, Baálẹ̀. Ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Mo gbé e síwájú rẹ̀."

"Síwájú awakọ̀?"

"Awakọ̀ ní òun ṣì ní oko mẹ́fà láti dé. Síwájú katakata ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀tún fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú.

"Kí ni katakata wí?"

"Ó tu èéfín sí i, ó fi ẹ̀yìn rìn lọ."

"Àparò wá dà?"

Gbogbo ojú yí sí Hezekiah.

"Kó má baà tutù ni," Tíṣà wí.

Ọlọ́runyọmí lu àyà. "Baálẹ̀, ẹ dá mi láre kí n máa lọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro òun náà. Mo gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ ìyà ọjọ́ mẹ́ta, ààfin ló fi san án fún mi. Ilẹ̀ rẹ̀ ti tú. Kí ló tún kù?"

"Dá a lóhùn, Ògúnsanwó. Kí ló kù?"

Fìlà já bọ́ lọ́wọ́ Ògúnsanwó. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Baálẹ̀, nínú àáró tiwa, ẹni tó ni oko ló ni ọ̀rọ̀. Lóko rẹ̀, òun ló ń sọ, èmi ni mo ń gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbọ́ ẹjọ́ àna rẹ̀ obìnrin! Ó wá kan tèmi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí àwọn ọmọ ti kó lọ sígboro, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ń retí lọ́dún. Mo ń kó ọ̀rọ̀ jọ dè é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún katakata, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà tó fi dákẹ́, ó ti lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọlọ́runyọmí tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Àwọn ìjòyè forí korí. Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Ọlọ́runyọmí, o ti san ti ọkọ́, o kò tíì san ti etí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wàá fi jókòó lóko Ògúnsanwó. Gbé ọkọ́ dání, ṣùgbọ́n bí ọkọ́ bá fi lè kan ilẹ̀, a ò ka ọjọ́ yẹn. Fóònù rẹ yóò wà lọ́wọ́ Ọ̀tún. Bí Ògúnsanwó bá sì sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, o kò gbọdọ̀ sọ pé o ti gbọ́ ọ."

"Yéè! Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ebè!"

"Má rẹ́rìn-ín, Ògúnsanwó, ó kàn ọ́. O kí katakata, o pè é wá jẹun. Ẹni tó bá bá ọ ṣiṣẹ́ tí o sì pè jẹun ti di ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú àáró, o sì gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ padà. Lọ́jọ́ Sátidé, wàá lọ sí Adégbayì, wàá wẹ̀ ẹ́ títí ẹrẹ̀ yóò fi tán lára táyà rẹ̀. Tíṣà ni yóò pọn omi. Ogún garawa fún àparò kọ̀ọ̀kan."

Ọlọ́runyọmí gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Ọ̀tún bí ẹni ń sin òkú. "Ṣé ọ̀la ni kí n bẹ̀rẹ̀, Baálẹ̀?"

Kí Baálẹ̀ tó dáhùn, Ògúnsanwó bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó dé e.

"Bó bá jẹ́ òní, kò burú," ó wí. "Mo ti ki iṣu bọ iná kí n tó máa bọ̀. Méjì ni."