Ìwé Ara Agolo Àlàájà Hàbíbàt

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún 1996, Ṣayọ̀ Dáramọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wọ ṣọ́ọ̀bù Àlàájà Hàbíbàt ní Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, bírò pupa àti àgádágodo tó tóbi bí orí ewúrẹ́. Nítorí Ajílókun ló ṣe wá, ìyẹn ìyẹ̀fun ọkà bàbà, sóyà àti ẹ̀pà tí Àlàájà ń rọ sínú agolo, tí àwọn alábàárù Creek Road ń pò mọ́ ẹ̀kọ mu kí wọ́n tó gbẹ́rù. Ìwé ara agolo náà gùn débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láàárọ̀, á jẹun ọ̀sán kó tó dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màámi. Láti ọ́fíìsì ni mo ti wá."

"Káàsán, ọmọ mi. Jókòó. Ọ́fíìsì wo ló rán ọ jáde nínú oòrùn yìí láì fún ọ lómi mu?"

"Mi ò ní jókòó, ma. Òfin ni mo bá wá."

"Kí òfin náà jókòó. Àga méjì ló wà níbẹ̀."

Dáramọ́lá jókòó. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ìdajì agbára ìjọba ti bá òun jókòó.

"Màámi, bí ìwé ara agolo yìí bá ṣì rí báyìí tí mo fi dìde, n ó ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa lónìí. Irínwó agolo tó wà lẹ́yìn yín yẹn, wọ́n á kó o lọ dáná sun."

Àlàájà yíjú wo ẹ̀yìn. Agolo tò títí kan àjà. "Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú agolo yẹn. Kí ni ìwé náà ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ajílókun, ṣé oúnjẹ ni àbí oògùn?"

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Kò kan ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ma."

"Ó kàn án. Bí ẹni tébi ń pa bá jẹ ẹ́, oúnjẹ ni. Bí ẹni tó ti rẹ̀ bá jẹ ẹ́, oògùn ni. Bí eku bá jẹ ẹ́, àdánù ni."

"Fọ́ọ̀mù yìí ò fàyè sílẹ̀ fún eku. Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ó ń wo àrùn. Tó bá jẹ́ oògùn, ẹ máa mú ẹ̀rí àyẹ̀wò wá."

"Kọ oúnjẹ."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí oúnjẹ yìí ń ṣe." Ó gbé agolo kan, ó ń kà á sókè. "'Ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ibà, orúnkún, àìróorunsùn àti oorun àsùnjù.' Màámi, báwo ni nǹkan kan ṣe ń wo àìróorunsùn, tó tún ń wo oorun àsùnjù?"

"Kì í ṣe ẹnì kan náà ló ń ṣe."

"'Ó ń jẹ́ kí ọmọ yege nínú ìdánwò àṣewọlé yunifásítì.'"

"Ẹni tó bá mi tẹ̀wé ló fi ìyẹn kún un. Ó ní àyè ṣẹ́ kù."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Àlíù."

Dáramọ́lá tẹ bírò mọ́ ìwé. "Dókítà Àlíù?"

"Àlíù alábàárù, ní Creek Road. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó mu Ajílókun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó di mẹ́ta, ó tún ń súfèé lábẹ́ rẹ̀."

"Ìyẹn kọ́ ni àyẹ̀wò. Ẹnì kan á mu ún, ẹnì kejì ò ní mu ún, a ó wá fi wọ́n wéra."

"Ó kúkú wà. Ejiro tí wọ́n jọ ń gbẹ́rù ò mu ún. Ọ̀sẹ̀ kejì náà ló fi iṣẹ́ ẹrù sílẹ̀."

Dáramọ́lá nà ró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, nǹkan kan fẹ́ jọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. "Okun ló tán lára rẹ̀, àbí?"

"Rárá o, ó ríṣẹ́ géètì sí Àpápá GRA. Ó ti sanra ju Àlíù lọ báyìí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹlòmíì." Ó yí agolo náà po. "Ibo lẹ kọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sí?"

Ojú Àlàájà yí padà. "Ọjà tèmi? Kí ló ṣe é tó fi máa bàjẹ́?"

"Gbogbo ohun jíjẹ ló ń bàjẹ́, ma. Òfin ní kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ náà síta."

"Kí n jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé lọ́jọ́ báyìí, lóṣù báyìí, ọjà mi á bàjẹ́? Àwọn tó ń bínú mi ládùúgbò yìí ò tíì ronú kan ìyẹn."

"Kì í ṣe èpè, ma."

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn mi, kí lo máa pè é?"

Dáramọ́lá fi bírò họ orí. "Ẹ kọ ọ́ pé, 'Ẹ jẹ ẹ́ tán kí oṣù kejìlá tó parí.'"

"Ìyẹn dáa. Wọ́n á tètè wá ra òmíì."

Bírò pupa wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé ibà lọ, ó gbé orúnkún lọ, ó kó oorun àti àìsùn papọ̀ lọ. Nígbà tó máa fi sinmi, orúkọ Ajílókun ló ṣẹ́ kù, àti àwòrán ọkùnrin kan tó gbé odindi ọkọ̀ ojú omi lérí.

"Ẹ máa yọ ọkọ̀ yẹn kúrò lórí rẹ̀, ma."

"Kí ló wá máa gbé?"

"Kó kàn dúró."

"Ọmọ mi, ta ló máa ra ìyẹ̀fun nítorí ọkùnrin tó kàn dúró?" Ohùn Àlàájà rẹlẹ̀ díẹ̀. "Gbogbo ohun tí o pa rẹ́ yìí, kì í ṣe ìlérí. Àdúrà ni. Tí mo bá gbé agolo léèyàn lọ́wọ́ tí mi ò ṣàdúrà fún un, ṣé mo tajà fún un ni, àbí mo ju nǹkan sí i?"

"Tó bá jẹ́ àdúrà, ẹ ò bá ti kọ ọ́ bí àdúrà. 'Ó ń wo' kì í ṣe àdúrà. Òfin ò bá aládùúrà jà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dá a lójú pé òun ti fi ìwé bo ìyá yìí mọ́lẹ̀.

"Tún un sọ."

"Òfin ò bá aládùúrà jà, ma."

Àlàájà gba bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó fa ìwé funfun kan yọ, ó kọ ọ́ kún, ó wá gbé e sókè.

"Gbọ́ bó ṣe rí. 'Ìwọ tó ra Ajílókun, ẹ̀yìn ò ní ro ọ́.'"

"Àmín," ni Dáramọ́lá wí. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, òun alára ò sí níbẹ̀. Láti kékeré ni ẹnu yẹn ti ń dá àgbà lóhùn, kì í dúró gbàṣẹ.

"'Orúnkún rẹ á gbé ọ débi ire.'"

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, Màámi, ìyẹn fẹ́ jọ..."

"'Wọn ò ní rán ọ níṣẹ́ tí wọ́n á ti lé ọ. Wàá rí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, wàá fi mọ́tò tìrẹ dé ilé.'"

Dáramọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Ó di eyín pọ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó ń wá ìwé òfin kiri nínú orí, apá kejì, ìlà kẹta. Ṣùgbọ́n ìgbéga ni wọ́n pè yẹn, ìgbéga tó ti ń retí láti ọdún mẹ́rin. Bí irú rẹ̀ bá kọjá níwájú ẹni, téèyàn ò dá a lóhùn, ta ló fẹ́ kó gbé e?

"Àmín ní orúkọ Jésù," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé títì.

Ó gba ìwé náà, ó wá "ó ń wo" nínú rẹ̀ títí, kò rí ẹyọ kan. Àlàájà ti fa fọ́ọ̀mù sún mọ́ ọn, ó sì fi bírò pupa lé e lórí.

"Ìjọba ti ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó fipá mú un. Fọwọ́ sí i, kí o wá sọ nọ́ńbà ìjọba tí n ó kọ sábẹ́ àdúrà yìí fún mi."