Ìdí Tí Ìgbín Fi Bá Ṣégílọlá Pín Ẹní

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá kọ́ ará ìlú ní etí dídí, ìgbín ni yóò bá a pín ẹní? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ súnmọ́ mi, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni.

Ṣégílọlá ará Arárọ̀mí ń sin ìgbín lẹ́yìnkùlé. Orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ, àmọ́ ìpolówó kì í jẹ́ kó gbádùn. Kó tó ka ohun tí ìgbín ń jẹ, ti wíìgì á fò jáde. Kó tó lé ti wíìgì lọ, ti bàtà á gbapò rẹ̀, dátà á sì ti tán. Ó ń fara dà á, àfi ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó fi ìgbín inú fóònù han òun. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohùn ọkùnrin kan bú jáde: "Ìyàwó ilé, ṣé ó máa ń tètè rẹ ọkọ yín lórí bẹ́ẹ̀dì? Oògùn dé!"

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ọkọ Ṣégílọlá, láti òkè délẹ̀. "Láníhùn, ṣé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn?"

"Màmá, fóònù ló sọ ọ́, èmi kọ́!"

Ọjọ́ náà ni Ṣégílọlá wá ohun tó ń dí ìpolówó lọ́nà, ó fi í sínú fóònù. Ìsinmi dé! Ojú fóònù mọ́ bí àwo tí ajá lá. Dátà ọjọ́ kan wá ń lo ọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń bá gbogbo Arárọ̀mí dí tiwọn. "Ẹ dí i pa! Ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n?"

Ìgbín wá tó tà. Ó sanwó kí wọ́n bá òun gbé ìpolówó sójú fóònù gbogbo ará ìlú. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tó ti di ọ̀gá orí fóònù, ṣé ó tún máa ru igbá ni? Ó jókòó, ó ń retí oníbàárà. Eṣinṣin ò yà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Mopélọ́lá, tí ògiri kan péré là wọ́n láàárín, ń wọkọ̀ lọ ra ìgbín nílùú kejì! Ká ní adìẹ ni, ì bá kọ. Ìgbín kì í ké.

Láníhùn ní, "Bí òjò bá bá àwọn ìgbín yìí nílé mi, èmi ni mo máa kó ẹrù mi jáde."

Òjò sì rọ̀. Ẹ kúkú mọ ìgbín pẹ̀lú òjò. Wọ́n gun ọgbà, wọ́n wọlé, wọ́n jẹ kàlẹ́ńdà ara ògiri títí dé oṣù Ọ̀wàrà. Láníhùn dé fìlà lọ sáàfin. Bó ṣe ṣí i láti dọ̀bálẹ̀, ìgbín méjì wà lórí pípá rẹ̀, wọ́n na ìwo sókè, wọ́n ń bá a kí Kábíyèsí.

Ọba ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ dìde."

Láníhùn ò délé mọ́. Ilé màmá rẹ̀ ló gbà lọ.

Ni Ṣégílọlá bá bọ́ sójú títì. "Ẹ ra ìgbín o! Ẹ dákun, ẹ rà á, kí ọkọ mi lè padà wálé!"

Ìyá Mopélọ́lá yọrí lójú fèrèsé. "Ìpolówó nìyẹn, àbí?"

"Òun ni o, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ṣebí ìwọ lo ní ká dí i pa? Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

Gbàgà! Ó ti fèrèsé. Ojúlé kejì náà, gbàgà! Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìparí àdúgbò.

Ó padà sílé, ó bá ìgbín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Bó ṣe dùbúlẹ̀ tán, ìgbín gbódógbódó kan rọra wọ́ wá síbi tí Láníhùn máa ń sùn sí gan-an.

"Jọ̀ọ́, sún díẹ̀."

Ìgbín ò sún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, tiyín ni kẹ́ ẹ dí, ẹ fi tàwọn ará ìlú sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ará ìlú ní etí dídí, ìgbín ni yóò bá a pín ẹní.