Ẹni Tí Àká Kò Mọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń ga láìdúró lórí nǹkan kan, ẹ wo Ọ̀gá Ọwọ́-Mi-Ni. Ìyá tó bí i kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ, nítorí kò sí ohun rere kan tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì náà tí ọ̀gá yìí kì í na àyà sí pé, "Ọwọ́ mi ni." Bí oníná bá tún fáànù ṣe tó sì ń fẹ́, ọwọ́ ọ̀gá ni. Bí òjò bá dá tí àlejò fi tètè dé, ẹ fi í sílẹ̀, yóò wá ọ̀nà gba ọpẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ọwọ́-Mi-Ni, a-so-táì-bí-ẹni-jẹ-oyè! A-jókòó-ti-kíbọọ̀dù-má-tẹ̀-ẹ́! Ọkùnrin tó ń sọ èdè kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, tí kọ̀ǹpútà kò sì gbọ́ ohun tó ń wí.

Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn, òun sì ni ọ̀gá àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ gan-an ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kì í kánjú, kì í sì í pariwo. Gbogbo iṣẹ́ wọn wà níbi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sọ ní àká. Ẹni tó bá kọ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi í ránṣẹ́ sí àká. Ohun tó bá wọ àká ni oníbàárà máa ń rí. Àká kì í ṣílẹ̀kùn fún ará ọ̀nà. Orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ sì gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó bá orúkọ náà mu.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àká yìí, ìlà kan ṣoṣo ni Ọwọ́-Mi-Ni mọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan fún un, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kíbọọ̀dù. Bí obìnrin náà bá ti ṣiṣẹ́ tán, ọ̀gá yóò gbé kíbọọ̀dù sókè, yóò yọjú wò ó, yóò tẹ ìlà náà, iṣẹ́ yóò sì lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò nu iwájú orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Ipò Olùdarí ṣófo, ojú rẹ̀ sì wọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dí i lọ́wọ́: Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ bó ṣe jẹ́. Ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń fẹ́ kó wà nítòsí lọ́jọ́ ìwúyè. Nítorí náà ló ṣe ń rọ ọ̀rọ̀ sétí Ìyá Alága, tó ni ilé iṣẹ́ náà, láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní obìnrin yẹn ò ṣe nǹkan kan, pé òun ló ń bá a parí iṣẹ́, pé ká tètè jẹ́ kó máa lọ. Ìyá Alága kò mọ ìdí kọ̀ǹpútà, ó gbà á gbọ́. Ó ti kọ lẹ́tà ìdádúró sílẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò fi lé obìnrin náà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Ọwọ́-Mi-Ni ò lè dúró di aago méjì. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ náà ló ti pe Ìyá Alága lórí fóònù.

"Ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú àká báyìí, mà," ó ní. "Ẹni tá a fẹ́ lé jáde kì í mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́."

Nínú ọkọ̀ tó jókòó sí, Ìyá Alága fi ìka kan tẹ fóònù, ó sì yọ orúkọ náà kúrò nínú àká. Nígbà tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé lẹ́nu iṣẹ́, tó rí i pé ilẹ̀kùn àká ti tì mọ́ òun, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife àti sálúbàtà rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá. Ọkọ rẹ̀ ò tíì ríṣẹ́ láti ọdún tó kọjá, iṣẹ́ yìí ni gbogbo ilé gbójú lé.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá, àwọn àlejò dé láti ilé ìwòsàn: dókítà obìnrin kan àti akọ̀wé méjì. Ìyá Alága náà wá jókòó tì wọ́n. Ohun kan ni wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí orúkọ àwọn arúgbó máa wà lókè nínú ìwé àwọn tó fẹ́ rí dókítà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti kọ ọ́ tán lánàá, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, nítorí ọ̀gá ní dandan kó jẹ́ pé lójú àlejò ni òun yóò fi í ránṣẹ́. Wọ́n so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Wọ́n ní kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà wọlé wá jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀gá ló pè é, kó lè wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọwọ́-Mi-Ni sọ fáwọn àlejò pé ohun tí wọ́n fẹ́ rí yìí kò jẹ́ kí òun gbádùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó tẹ ìlà rẹ̀. Ó gbé ìka sókè kí gbogbo ojú lè rí i, ó sì tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn.

Àká dáhùn lára ògiri: A kò gbà yín láyè.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún un tẹ̀, ó sì gbá bọ́tìnì náà gbì, bí ẹni pé àká di etí. A kò gbà yín láyè. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò lọ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù rẹ̀ láìdúró rárá. Ọ̀gá pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Gbogbo wọn wo àwòrán òdòdó kan lára ògiri títí ó fi jí, àká sì tún sọ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀.

Ó ní kò burú, òun á gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, èyí tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ, ó kọ "Olùdarí". Nígbà tó kan páswọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn. Ó tún un tẹ̀, ojú ibẹ̀ ṣófo. Ó ní kíbọọ̀dù ti kú. Wọ́n sáré gbé òmíràn wá. Ìyẹn náà kú. Wọ́n lọ yọ ti akọ̀wé owó wá.

Dókítà yẹn ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Kì í hàn, sà," ó ní. "Wọn kì í jẹ́ kó hàn kí àwa má baà kà á."

"Mo mọ̀," Ọwọ́-Mi-Ni ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ ni."

Òógùn ti gba ọrùn rẹ̀ dé ìdí táì. Ó wá gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn tó ni àká ló ṣẹ òun. Ó pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn, ó sì fi fóònù sórí tábìlì kí gbogbo yàrá lè gbọ́ bí òun yóò ṣe bá wọn wí. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e. Ọ̀gá sọ fún un pé ọdún mẹ́ta lòun ti ń lo àká wọn, pé òun ni igi lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ yìí, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kíá.

"Ẹ má bínú, sà," ọmọ náà ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àká bóyá ó mọ̀ yín."

Ó ka ìlà kúkúrú kan fún un, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọwọ́-Mi-Ni tẹ̀ ẹ́ tìgbéragatìgbéraga. Ìdáhùn sì bọ́ sára ògiri, gàdàgbà gàdàgbà: Ẹ ǹ lẹ́ o, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yín pé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ yín kúrò nínú àká yìí ní aago méje ààbọ̀ òní.

Akọ̀wé tó ń wo bọ́ọ̀lù gbójú sókè.

"Ṣé ẹ̀yin ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sà?" ọmọ orí fóònù béèrè.

Ìyá Alága yíjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni orúkọ rẹ ń wá lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dìde. "Lọ́jọ́ tí ọ̀gá dé, mà, mo ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni bíi tàwọn kì í kọ fọ́ọ̀mù. Mo wá fi kọ́kọ́rọ́ tèmi síbẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró. Mo rán wọn létí títí, ó sú mi."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a; ti Ọwọ́-Mi-Ni yìí ò tiẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ìyá Alága ní kí ọmọ orí fóònù fi bí òun ṣe lè rí gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ hàn òun. Ó rí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àlàyé ṣókí sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà ń kà á sókè: "Mo tún ọjọ́ ìpàdé aláìsàn ṣe. Mo fi fọ́tò ọ̀gá sójú ewé àkọ́kọ́. Mo mú kí fọ́tò ọ̀gá tóbi sí i. Mo tún mú kí fọ́tò ọ̀gá tóbi sí i, lẹ́ẹ̀kejì."

Akọ̀wé kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Èkejì ò tiẹ̀ bò ó.

"Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ̀ láàárọ̀," Ìyá Alága sọ fún ọ̀gá, "mo rí ìnagijẹ márùn-ún níbẹ̀, mo sì rò pé ọ̀kan lára wọn ni tìẹ. Àṣé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ́ wa, nítorí ìwọ."

Ó dá orúkọ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà lójú ẹsẹ̀, ó sì fa àká lé e lọ́wọ́ pátápátá pé òun ni yóò máa gbani wọlé. Ó yọ lẹ́tà aago méjì jáde nínú báàgì, ó fà á ya sí méjì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá síbi kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá dìde fún un kó tó mọ̀ pé òun ti dìde. Bọ́tìnì kan péré, iṣẹ́ lọ. Dókítà wo fóònù rẹ̀, orúkọ àwọn arúgbó ti wà lókè.

Ọwọ́-Mi-Ni rọra wúkọ́. Ó ní kò yẹ kí òun máà ní orúkọ níbẹ̀, ó kéré tán, nítorí iyì ipò.

"Ìyẹn tọ̀nà," Ìyá Alága ní. "Jókòó, kí o kọ fọ́ọ̀mù."

Ó kọ ọ́ lójú gbogbo wọn, lára ògiri, ó ṣi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Obìnrin náà wò ó, ó yíjú sí Ìyá Alága. "Oríṣi àyè méjì ló wà, mà. Àwọn kan lè kọ nǹkan sínú àká, àwọn kan lè kà á nìkan. Èwo ni kí n fún wọn?"

Ìyá Alága wo ọkùnrin náà láti bàtà dé táì.

"Fún un ní kíkà," ó ní. "Bó bá kà á tán, kó wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa."