Bàtà Bàbá Láníhùn àti Bíréèkì Tí Kò Sinmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti mú òwe tí wọ́n ń pa pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á? Àwọn kan á ní ayé àtijọ́ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ Lámídì mẹkáníìkì ló ti ṣẹ̀.

Lámídì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú orí rẹ̀. Bàbá Láníhùn ló ni ilẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá gbé mọ́tò rẹ̀ wá.

"Lámídì, iná bíréèkì ẹ̀yìn mọ́tò mi kì í kú mọ́. Bí o bá tún un ṣe, wà lórí ilẹ̀ yìí títí o ó fi darúgbó. Bí o ò bá lè ṣe é, ẹlòmíràn ti ń bẹ̀ mí fún ilẹ̀ náà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá."

Ó ki ẹ̀rọ tó ń yẹ àìsàn mọ́tò wò bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ẹ̀rọ náà máa ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ bíréèkì tó, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Lámídì jókòó síwájú, kò tẹ nǹkan kan: òdo. Bàbá jókòó, ó ní òun náà ò tẹ nǹkan kan: méjìdínlógún.

Ó nu ojú wáyà. Méjìdínlógún. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún mọ́tò pé wọ́n ti tẹ bíréèkì. Méjìdínlógún náà ni. Ó tú abẹ́ dáṣíbọọ̀dù palẹ̀, mọ́tò wá dà bí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Àwọn jórinjórin àtàwọn onítáyà tó wà nítòsí ti pé lé wọn lórí, èmi náà wà láàárín wọn.

Lámídì wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàtà ọ̀tún bàbá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, etí bàtà náà ló gun orí bíréèkì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yìí."

"Bàtà mi kọ́ ló bàjẹ́."

"Ẹ ṣáà bọ́ ọ, bàbá."

Bàbá wo àwọn èèyàn, ó wá wo Lámídì bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àánú bàbá ṣe mí. Lámídì ò rí ojú yẹn, ẹ̀rọ ló ń wò. Bàbá bọ́ bàtà, ẹ̀rọ sọ òdo.

Inú Lámídì dùn ṣìnkìn. Ó fa àkísà yọ nínú bàtà, ó sì na ìka sí ẹsẹ̀ bàbá.

"Ẹ wá wò ó. Ìka kan ni ò sí, àkísà ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Mẹ́rin nìyí, márùn-ún wà lọ́hùn-ún. Mẹ́sàn-án péré ni gbogbo rẹ̀."

Ogójì ọdún ni bàbá ti ń fi bàtà bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ó rọra wọ bàtà rẹ̀ padà.

"O ṣeun, Lámídì. Mọ́tò ni mo ní kí o yẹ̀ wò, mi ò ní kí o ka ẹsẹ̀ mi. Kó irinṣẹ́ rẹ."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á, àgàgà tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ rẹ̀ la dúró sí tí a fi ń kà á.